Bí ẹ ṣe lè yan píkáàpù tó máa fa tírélà láì dójú tì yín lórí òkè Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá fẹ́ ra píkáàpù torí àtifa tírélà, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta ọkọ̀ ni pé, "Ṣé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lágbára?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára pọ̀ nílùú. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ọkọ̀ tí ṣáàsì rẹ̀, jíà rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ àti sipiríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ jọ lè gba ohun tí ẹ́ńjìnnì náà ń fà. L'Abẹ́òkúta tó jẹ́ pé èèyàn ò lè ti Àsẹ̀rò dé Lafẹ́nwá kó má gun òkè, kó má sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Tírélà tí mò ń wí kì í ṣe àwọn gbọọrọ tó ń kó sìmẹ́ǹtì jáde l'Éwékorò o. Èyí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí píkáàpù ni, èyí tó ń gbé táǹkì omi, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, àga àti kánópì òde àríyá, màlúù méjì mẹ́ta, tàbí ẹja ààyè. Ẹja ààyè ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn tó ń sin ẹja lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá àti Àlàbàtà ló ń bi mí jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìwọ̀n ẹrù yín kẹ́ ẹ tó lọ wo ọkọ̀

Ẹ má fojú díwọ̀n. Omi lítà kan, kìlò kan ni. Táǹkì onílítà 1,000 tó bá kún, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni, ì báà jẹ́ omi nìkan ló wà nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ omi àtẹja, torí ìwọ̀n ara ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti omi tó gba ipò rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì olókìlò 50, ogún àpò ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Òkúta gránáìtì ló ń tan èèyàn jù. Kúbíìkì mítà kan rẹ̀ máa ń tó tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀, nítorí náà tírélà tí gránáìtì ò tíì dé ìdajì rẹ̀ lè ti kọjá agbára ọkọ̀ tó fẹ́ fà á. Ti jẹnẹrétọ̀ rọrùn, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwọ̀n tírélà fúnra rẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí. Tírélà táwọn wẹ́dà wa ń jó nílé sábà máa ń wúwo ju tòkunbọ̀ lọ, torí wẹ́dà fẹ́ràn irin tó nípọn, kò fẹ́ kí oníbàárà padà wá fẹjọ́ sùn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èyí tó bá lè gbé táǹkì onílítà 1,000 kì í ṣòro kó tó 400 sí 500 kìlò lófìfo. Díẹ̀ lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta àti àwọn tó ń ra àlòkù irin ní òṣùwọ̀n tí ọkọ̀ ń gùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ fún wọn lówó díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé tírélà yín gùn ún.

Ká ní omi àtẹja jẹ́ 1,000, tírélà jẹ́ 450, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi àti bátìrì rẹ̀ jẹ́ 50. Ó di 1,500 kìlò. Ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ mọ sí 1,500 kọ́ lẹ ó wá rà o. Ẹ wá èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí pé ó lè fa 2,000 ó kéré tán, kí ìyókù jẹ́ ti òkè, ti oòrùn oṣù kejì sí ìkẹta, àti ti ọjọ́ orí ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tó ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀

Tírélà kì í kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Nínú gbogbo ìwọ̀n tírélà tó ti ru ẹrù, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí ọrùn rẹ̀ gbé lé bọ́ọ̀lù ìfà, ìyẹn irin róbótó tó wà nídìí ọkọ̀ tí wọ́n ń so tírélà mọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn jẹ́ 150 sí 225 kìlò. Tó bá kéré sí i, ìdí tírélà á máa jù sọ́tùn-ún sósì tẹ́ ẹ bá ti ń sáré. Tó bá pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ á jókòó, imú rẹ̀ á gbéra, síárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, táyà iwájú ò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ìwọ̀n ọrùn yìí, inú iye ẹrù tí ọkọ̀ lè rù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kẹ́ ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí kò tíì gbó jù, ẹ ó rí ìwé pélébé kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ iye tí èèyàn àtẹrù inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá sí, ní kìlò àti pọ́n-ùn. Ká sọ pé 520 kìlò ni. Awakọ̀ àtọmọọṣẹ́ méjì, ká pè é ní 225. Ó ku 295. Ọrùn tírélà gba 200. Ó ku 95. Irin ìfà fúnra rẹ̀ gba 20, ó ku 75. Jẹnẹrétọ̀ kékeré olókìlò 40 wà lẹ́yìn ọkọ̀, sípíà táyà tírélà àti àpótí irinṣẹ́ jọ jẹ́ nǹkan bí 40. Ó ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì gbé àpò oúnjẹ ẹja kan ṣoṣo sí i.

Ọkọ̀ yìí kan náà lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó ń fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Awakọ̀, bóyá pẹ̀lú èrò kan, àti ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣófo ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń fi ṣírò irú iye bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í ta Hilux l'Ámẹ́ríkà, nítorí náà ìwé pélébé yẹn ò ní sí lára rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ àpapọ̀ ìwọ̀n tí ọkọ̀ àtẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá sí, bóyá lára àwo irin rẹ̀ tàbí nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá, kẹ́ ẹ yọ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ kúrò. Èyí tó kù ni agbára ìrù rẹ̀.

Ẹ lè fi òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn wọn ọrùn tírélà fúnra yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣùwọ̀n ọ̀hún kì í sábà ju 150 kìlò lọ. Ẹ dá tírélà tó ti kẹ́rù dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi òkúta há àwọn táyà rẹ̀. Ẹ wá pákó tó nípọn. Ẹ gbé orí rẹ̀ kan lé búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ gbé orí kejì lé òṣùwọ̀n, kó dọ́gba. Ẹ kọ ohun tí òṣùwọ̀n kà fún pákó nìkan sílẹ̀. Ẹ wá sọ ọrùn tírélà kalẹ̀ sórí pákó náà níbi tó fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí búlọ́ọ̀kù, tó sì fi méjì jìnnà sí òṣùwọ̀n. Ohun tó bá kà, ẹ yọ ti pákó kúrò, kẹ́ ẹ sọ èyí tó kù di ìlọ́po mẹ́ta. Bó bá ku 62, ọrùn tírélà yín jẹ́ 186.

Tó bá kéré jù, ẹ sún táǹkì síwájú díẹ̀, kí nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù wà níwájú táyà tírélà. Ẹ tún rántí pé táǹkì tí ò kún burú ju èyí tó kún lọ. Omi inú rẹ̀ á máa ya lọ síwájú, á máa ya padà sẹ́yìn, ìwọ̀n tẹ́ ẹ ṣe nílé ò sì ní nítumọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà. Kó kún dẹ́nu, àbí kó ní ògiri kéékèèké nínú tó ń dá omi dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èwo nínú àwọn tó wà lọ́jà?

Lójú tèmi, Hilux oní-dísù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá. Irú onílítà 3.0 tí wọ́n ń pè ní D-4D, tó wà láàárín 2005 sí 2015, ní agbára ìyí 343 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí), ó sì ti ń rí i láti nǹkan bí ìyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ti bẹntiróòlù 2.7 tó kún ìgboro wa jẹ́ nǹkan bí 240 Nm, ìyípo 3,800 ló sì tó dé ibẹ̀. Lórí òkè, oní-dísù á máa fa tírélà lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn òun, oní-bẹntiróòlù á máa ké, ẹ ó sì máa já jíà sílẹ̀ ṣáá. Kì í ṣe pé 2.7 ò dáa o. Fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí kánópì, ó tó, ó sì rọrùn láti tún ṣe ju oní-dísù lọ. Àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lójoojúmọ́. Hilux 2.8 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 tún lágbára ju 3.0 lọ. Ti olọ́tọmátíìkì rẹ̀ jẹ́ 450 Nm, nígbà tó sì di 2020 wọ́n gbé e dé 500. Owó ẹ̀ ni ìṣòro.

Àléébù oní-dísù ni injector rẹ̀, ìyẹn ohun mẹ́rin tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì. Dísù tó ní omi tàbí ìdọ̀tí nínú máa ń bà á jẹ́, owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í sì í ṣe owó kékeré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, kẹ́ ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó tan ọkọ̀ náà. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tàn án kẹ́ ẹ tó dé nìyẹn, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Dísù tó dáa á jó láìpẹ́, bó ti wù kó tutù tó. Èyí tó bá ń gbọ̀n, tó ń tú èéfín funfun tàbí dúdú fún ìgbà pípẹ́, ẹ mójú kúrò lára ẹ̀.

Tacoma V6 onílítà 4.0, ti 2005 sí 2015, ló tẹ̀ lé e. Agbára rẹ̀ tó dáadáa, àmọ́ oríṣi méjì ló wà tí ojú ò lè tètè mọ̀ yàtọ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ to gbogbo nǹkan ìfà sí lára lè fa nǹkan bí 6,500 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi 2,900 kìlò. Èyí tí kò ní i, 3,500 pọ́n-ùn ni, kò tó 1,600 kìlò. Tírélà ẹja wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ìyẹn tán. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe irin ẹ̀yìn nìkan. Èyí tó pé ní rádíétọ̀ kékeré tó ń tu ọ́ìlì jíà nínú, ó ní alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná) tó tóbi, ihò wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ onílójú méje. Nítorí náà tí ọmọ tó ń ta ọkọ̀ bá sọ fún yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, irin ìfà ti wà ńdìí ẹ̀, ilé gan-an á fà á," kẹ́ ẹ bi í jẹ́jẹ́ pé, "Àbúrò, ilé iṣẹ́ ló fi síbẹ̀ ni àbí wẹ́dà?" Kẹ́ ẹ sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó.

Tundra 5.7 ń fa ohun tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin, àwọn míì lára rẹ̀ sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ó fọkàn ẹni balẹ̀, àmọ́ bẹntiróòlù tó ń mu kò ṣe é fi bò. Ẹni tí tírélà rẹ̀ ò tó tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ tó lọ ra Tundra, ó kàn fẹ́ràn ọkọ̀ ńlá ni, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀.

Ford Ranger oní-dísù tó jáde láti 2011 lágbára gan-an, àmọ́ kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó máa ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, àti bóyá ó mọ ọwọ́ rẹ̀. Mitsubishi L200 náà dára. Honda Ridgeline rọra ń gbé èèyàn, àmọ́ kò ní ṣáàsì tó dá dúró bíi ti àwọn tó kù, mi ò sì ní fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ nírú ọ̀nà wa yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ

Lápá ibi tí yìnyín ti ń bọ́ l'Ámẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà òtútù. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ ṣáàsì. Tacoma 2005 sí 2010 gbajúmọ̀ fún un débi pé Toyota gbà ní kóòtù láti máa yẹ̀ wọ́n wò, kó sì pààrọ̀ ṣáàsì èyí tó bá ti jẹra. Tundra 2007 sí 2008 náà wà nínú àdéhùn yẹn. Nítorí náà, ẹ gba nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀), kẹ́ ẹ fi wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ mọ ìpínlẹ̀ tó ti lò ó àti bóyá omíyalé ti gbé e rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú òòlù kékeré àti iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí sipiríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáàsì, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹra, ibẹ̀ náà ni tírélà sì ń fà jù. Ẹ rọra máa lù ú. Irin tó yè á dún gbangba, èyí tó ti jẹra á dún bòǹbò, ìpẹ́ rẹ̀ á sì máa já bọ́. Ọ̀dà dúdú tó ń dán lábẹ́ ọkọ̀ tó ti pé ọdún 12 kì í ṣe ẹwà, kẹ́ ẹ fi òòlù yẹn ha díẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ rí ohun tó bò. Kí ẹni tó ń tà á má bínú. Tó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn.

Irin ìfà gbọ́dọ̀ wà lára ṣáàsì, lápá ọ̀tún àti òsì, pẹ̀lú bóòtù tó nípọn. Èyí tí wọ́n jó mọ́ bọ́ńpà, kódà kó lè fa alùpùpù, ẹ má fi fa ẹja.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: jíà, àti ìgbóná

Ohun tó ń pa jíà ọtọmátíìkì ni ooru, tírélà sì ni orísun ooru. Ẹ fa igi ọ́ìlì jíà yọ níbi tó bá ní i, kẹ́ ẹ nù ún sára aṣọ funfun. Pupa tó mọ́ ló dára. Tó bá ti di àwọ̀ kọfí, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, kò sí ẹ̀dínwó tó yẹ kó mú yín rà á. Tacoma 4.0 tó ní ọtọmátíìkì kì í ní igi yìí, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá ní rádíétọ̀ kékeré fún ọ́ìlì jíà, wọ́n lè fi sí i, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó jíà tuntun.

Onímánúwà ò ní wàhálà ọ́ìlì gbígbóná bẹ́ẹ̀, àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló máa san án. Gosíló lórí òkè, tírélà lẹ́yìn, ẹ dúró, ẹ gbéra, ẹ tún dúró: ẹ̀ẹ̀kan ni kílọ́ọ̀ṣì tó ti gbó máa rùn sí yín nímú. Ní irú ibẹ̀, ẹ fi háńdì bíréèkì di ọkọ̀ mú, kẹ́ ẹ má fi kílọ́ọ̀ṣì dì í mú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bíréèkì

Gígun òkè ń tini lójú, sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pani. Ní Yúróòpù, tírélà tó bá ti ju 750 kìlò lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo ìlànà yẹn níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń rí tírélà tọ́ọ̀nù méjì tí kò ní bíréèkì kankan nínú ìgboro. Tírélà tòkunbọ̀ láti Yúróòpù sábà máa ń ní èyí tó ń fún ara rẹ̀ ní bíréèkì: tí ọkọ̀ bá dẹwọ́, ọrùn tírélà á tì síwájú, á sì fa okùn bíréèkì. Ìyẹn ò gba wáyà. Ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà ń lo iná mànàmáná, wọ́n sì ń fẹ́ àpótí kékeré kan nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó ń darí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wẹ́dà jó tírélà fún yín nílé, ẹ ra axle (irin gbọọrọ tí táyà méjèèjì so mọ́) tó ti ní bíréèkì, kẹ́ ẹ gbé e fún un.

Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti já jíà sílẹ̀ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa dì yín mú. Tí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì yí síárìn. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré, kẹ́ ẹ di síárìn mú gbọn-in títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: bọ́ọ̀lù, ṣéènì, iná, táyà

Bọ́ọ̀lù Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50, ti Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jẹ́ íǹṣì méjì, ìyẹn 50.8. Èyí tó léwu jù ni bọ́ọ̀lù onínṣì 1⅞. Ẹnu tírélà onínṣì méjì á tì mọ́ ọn, á dà bíi pé ó wọ̀, á sì fò yọ níbi gálọ́ọ̀pù. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n sórí bọ́ọ̀lù àti sára ẹnu tírélà, ẹ kà á. Ṣéènì méjì ni kẹ́ ẹ fi so ó, kẹ́ ẹ gbé wọn kọjá ara wọn lábẹ́ ọrùn, kó lè gbé e dúró tó bá yọ.

Kí rewáyà so iná bíréèkì, tíráfíkétọ̀ àti iná ẹ̀yìn, torí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti TRACE (àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn) á dá yín dúró láìsí i, wọ́n á sì jàre. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ má fi táyà tòkunbọ̀ sí tírélà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ bẹ ọ̀rẹ́ kan kó yá yín ní tírélà, kódà kó jẹ́ ẹrù 700 kìlò péré ló wà nínú ẹ̀. Ẹ mú ọkọ̀ náà la àárín ìlú kọjá, kó gun òkè, kó sì sọ̀. Ẹ pa éésì, kẹ́ ẹ máa wo gééjì ooru. Kó gòkè díẹ̀ kò burú, kó má padà sísàlẹ̀ lẹ́yìn òkè ló burú. Ẹ dúró láàárín òkè, kẹ́ ẹ tún gbéra. Lójú títì Ṣàgámù, ẹ dé 70 kìlómítà ní wákàtí kan, kẹ́ ẹ wo jígí ẹ̀gbẹ́ bóyá tírélà ń tẹ̀ lé yín tààrà.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, tẹ́ ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn nǹkan bí 80 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ dúró níbi tó láàbò, kẹ́ ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà tírélà. Ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju èkejì lọ, bóyá bẹ́ríǹgì rẹ̀ ti ń lọ tàbí bíréèkì rẹ̀ ti há. Ẹ má fi lọ síwájú kí mẹkáníìkì tó tú u.